Ó Lọ sí Àbíjàn Láìkúrò Nínú Yàrá Rẹ̀

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bí ó bá ti rẹ̀ ọ́, jókòó. Mi ò ní pariwo mọ́ ọ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìtàn olè, kì í sì í ṣe ti ọ̀mùtí tí ọtí gbé ṣubú sí kòtò. Ọkùnrin tí mo ń wí yìí kì í mutí, kì í bá ènìyàn jà, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í rí aṣọ funfun rẹ̀ ní ìjókòó iwájú nínú ìjọ. Síbẹ̀ ó ń ṣègbé, inú ilé tí ó fi òógùn ara rẹ̀ kọ́ ló sì ti ń ṣègbé.

Oyèníran ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èjìgbò. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni nígbà tó wọkọ̀ lọ sí Kódífuà pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà ní Àbíjàn. Orí ló kọ́kọ́ fi ń kiri, lẹ́yìn náà ó ní àtẹ, lẹ́yìn náà ó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà Àjàmé. Bí gbogbo ọmọ Èjìgbò tó wà lọ́hùn-ún, ilé ló fi ohun tó rí kọ́. Ilé náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bí Oyèníran bá wá kí ilé, wọn á gbálẹ̀, wọn á ṣí fèrèsé, wọn á jẹ, wọn á mu. Bó bá ti padà, wọn á tún tì í. Bí irun rẹ̀ ti ń funfun ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò jókòó sínú ilé yẹn, òun yóò sì sinmi. Àwọn àgbà ló kúkú wí i pé ilé làbọ̀ sinmi oko.

Ní ọdún 1991, ó kó dé. Ìsinmi ni kò bá a dé.

Ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn tó ń wá kí i kò jẹ́ kí Damaris ìyàwó rẹ̀ ráyè jókòó. Bàbá Àbíjàn ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Wọ́n fi í ṣe alága ìkórè, wọ́n fi í ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ akọrin. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fún wọn ní nǹkan, ó sì ń fi Faransé díẹ̀díẹ̀ dá wọn lára yá. Nígbà tó di ọdún kejì, èrò dín kù, bí èrò ti máa ń dín kù lọ́dọ̀ ẹni tó ti dé tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Bọ́látitó àti Joanna, wà ní Àbíjàn pẹ̀lú ìdílé wọn, Faransé ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń sọ. Kò sí ọjà tó ń dúró dè é láàárọ̀. Kò sí oníbàárà tó ń pè é. Ọkùnrin tó ti fi bí ọgbọ̀n ọdún jí lọ sọ́jà kò mọ ohun tí à ń fi òwúrọ̀ ṣe mọ́.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé nǹkan kan pàtó ló ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn: ta ló kú, ta ló já a kulẹ̀, ta ló fi nǹkan ṣe é. Kò sẹ́ni tó kú. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan ṣe é. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí àárẹ̀ ara lásán. Ó máa ń jí kí wọ́n tó pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wọn, kò ní lè sùn mọ́, kò sì ní lè dìde. Yóò jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, yóò ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, ẹsẹ̀ kejì yóò wà nílẹ̀ títí oòrùn yóò fi ta sí ògiri. Iyán tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ wá dà bí òwú lẹ́nu rẹ̀. Bí Damaris bá bi í pé kí ló ń ṣe é, yóò ní kò sí nǹkan. Kò mọ orúkọ tí òun ì bá pè é. Bí ó bá jẹ́ ibà ni, a mọ ibà. Bí ó bá jẹ́ pé orí ń fọ́ ọ ni, a mọ̀ ọ́n. Kí ni ọkùnrin tó ti lé ní ẹni ọdún márùn-dín-lọ́gọ́ta, tó kọ́lé, tó bímọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láàyè, yóò wá sọ pé ó ń dun òun?

Àwọn aládùúgbò rí i pé kì í jáde kí ènìyàn mọ́, wọ́n ní ìgbéraga Kódífuà ló wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ara tù ú nígbà tó gbọ́ ọ? Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n máa pe òun ní agbéraga ju kí wọ́n mọ̀ pé òun kò lè wọ bàtà kejì.

Níbí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà, tẹ́tí sí mi dáadáa. Àárẹ̀ ọkàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, onítọ̀hún kò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n Oyèníran ní ọlọ́run kan tó ti ń bọ láti ìgbà èwe rẹ̀, orúkọ ọlọ́run náà sì ni Kí-Ni-Wọn-Yóò-Wí. Òun ló ń wọ aṣọ funfun fún, òun ló ń dáwó ńlá fún. Ó ti ṣe ìrìbọmi láti ilé ìwé, ó mọ orin tó pọ̀ lórí, ṣùgbọ́n kò tíì bá Jésù sọ̀rọ̀ rí bí ènìyàn ti í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àdúrà tó ń gbà ní gbangba gùn, ó sì dùn ún gbọ́. Ní ìkọ̀kọ̀, kò gba ọ̀kan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìgbìmọ̀ ìkórè ń bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ kó tún wá ṣe alága. Damaris rí wọn lókèèrè, ó wọlé wá sọ fún un.  Oyèníran ro aṣọ tí òun yóò wọ̀, ẹ̀rín tí òun yóò rín àti ọwọ́ tí òun yóò bọ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n ní kó gbé òkè kan kúrò nílẹ̀. Ó ní kí Damaris sọ fún wọn pé òun ti padà sí Àbíjàn, pé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ló pe òun.

Ní ìlú mìíràn, wọn ì bá béèrè ìgbà tó lọ àti ọkọ̀ tó wọ̀. Ní Èjìgbò, ta ni yóò béèrè irú rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ wo ni ọkọ̀ kì í gbéra níbẹ̀ lọ sí Kódífuà? Ìwọ àti ènìyàn lè jọ mu ẹ̀kọ láàárọ̀, kí o gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ pé ó ti ń lọ sí Kútọnu. Àwọn ìgbìmọ̀ náà kàn ní kí Ọlọ́run mú un lọ, kó mú un bọ̀, wọ́n sì lọ wá alága mìíràn.

Ó rò pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni òun yóò fi wà ní Àbíjàn náà. Ṣùgbọ́n bí yóò bá dé, ó ní láti jáde kí wọ́n kí i káàbọ̀. Ilé yóò kún. Ó ní láti sọ ìròyìn ọ̀nà. Ó tún ní láti ní ohun tí yóò pín, nítorí ẹni tó ti Kódífuà bọ̀ kì í dé lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ìyẹn wá pọ̀ ju ohun tó fà á tó fi sá lọ. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, kò lè dé.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ṣe ń gbé Àbíjàn nínú yàrá tó wà lẹ́yìn pálọ̀, tó sì ń gbọ́ ewúrẹ́ Èjìgbò tó ń ké lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Wọ́n pa fèrèsé náà dé, ooru mú wọn ṣinṣin. Bí ikọ́ bá fẹ́ mú un, yóò fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Damaris ń dáná nínú ìkòkò kékeré kí àwọn aládùúgbò má baà rí oúnjẹ ènìyàn méjì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní kó bá àwọn kí bàbá ní Àbíjàn, yóò sì dáhùn pé wọ́n á gbọ́. Ó ti ń rẹ òun náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì sunkún láìpariwo. Ó ní òun ti di opó, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ òun kò kú.

Oyèníran rí omijé náà. Ó fẹ́ nawọ́ sí i, ọwọ́ náà wúwo. Ó wá ń rò ó pé ó sàn kí òun kú, kí gbogbo rẹ̀ tán, kí obìnrin yìí lè sunkún ní gbangba bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kò ro èrò náà, kò sì bà á lẹ́rù mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Olújídé lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni ní Ìsúndúnrìn, kò rin ìrìn àjò kankan rí láyé rẹ̀. Òun ló ta iṣu ọdún kan kí àbúrò rẹ̀ tó wọkọ̀ lọ sí Kódífuà ní ìjọ́sí. Nígbà ọyẹ́ ọdún 1993, ara Olújídé kọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ kúrú, kò lè ti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ohun kan ló ń béèrè. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Oyèníran wá, kí òun fojú kàn án kí òun tó lọ.

A mọ̀ pé a kì í sọ àìsàn ilé fún ẹni tó wà lájò. A máa ń fi bò fún un kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú lójú ọ̀nà. Olújídé kò gbà. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ bó ti rí, kí àbúrò òun má baà fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Tàjùdíìnì ni wọ́n rán. Oníṣòwò ni, ọmọ àdúgbò Oyèníran, tó máa ń kó gààrí àti èlùbọ́ lọ fún àwọn ará ilé tó wà ní Àbíjàn. Mùsùlùmí ni, ẹni tí a lè fi ọ̀rọ̀ rán ni pẹ̀lú.

Ó wá bá Damaris ní pálọ̀. Oyèníran wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá Bọ́látitó," ni Tàjùdíìnì wí, "ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní kí n má padà wá láìmú un dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ibi tó dé sí fún mi. Bó bá jẹ́ ojúlé dé ojúlé, màá wá a kàn."

Damaris wo kọ́tìnnì. Ó ń retí kí ẹnì kan wúkọ́ níbẹ̀. Ikọ́ kan péré ì bá parí ọ̀rọ̀ náà. Oyèníran fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Tàjùdíìnì tún un béèrè, ó rò pé obìnrin náà kò gbọ́ òun. Nígbà tó pẹ́, Damaris júwe agboolé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ọjà Àjàmé fún un.

Lẹ́yìn tí àlejò náà lọ, ó wọ yàrá. "Bàbá Bọ́látitó, ọkọ̀ wọn ò tíì gbéra. Ẹ jẹ́ kí n sáré bá a."

Ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rin ọ̀nà yẹn rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Bodè ni, eruku ni, sójà tó ń yẹ ẹrù wò ni. Tàjùdíìnì gba Kútọnu, ó gba Lómè, ó la Gánà kọjá. Ó kó ẹrù rẹ̀ fún ẹlòmíràn tà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n rán an sí láti agboolé dé agboolé.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Oyèníran kò fẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé bó bá di ọ̀la, òun yóò dìde, òun yóò lọ sí Ìsúndúnrìn. Ìsúndúnrìn kò jìnnà, ọ̀kadà kan yóò gbé ọ débẹ̀. Ọ̀la á dé, ẹsẹ̀ kò ní gbé e. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òótọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Bí ó bá jáde, gbogbo ìlú yóò mọ̀ pé irọ́ ni òun ti ń pa fún wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kú lọ, òun sì ń ro ojú tí àwọn ará àdúgbò yóò fi wo òun. Ó mọ̀ pé ohun búburú ni òun ń ṣe, ó sì kórìíra ara rẹ̀ sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun, Tàjùdíìnì dé. Eruku ọ̀nà kò tíì kúrò lára fìlà rẹ̀. Kò dá wá, nítorí ìròyìn tó gbé bọ̀ kì í ṣe èyí tí à ń sọ fún obìnrin láìsí àgbà níbẹ̀. Dúrójaiyé ló lọ mú wá, ọ̀rẹ́ Oyèníran láti kékeré, àgbẹ̀ ni, ó sì tún jẹ́ díákónì ní ìjọ kékeré kan ní ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Wọ́n ní kí Damaris jókòó.

Tàjùdíìnì sọ bí òun ṣe wá a títí. Kò sẹ́ni tó rí Oyèníran ní Àjàmé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé bàbá àwọn kúrò nílé. Bọ́látitó káwọ́ lé orí. Wọ́n ti ń kiri ọsibítù, wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí pàápàá, Joanna kò sì jẹun mọ́. Nígbà tí Tàjùdíìnì sọ̀rọ̀ débẹ̀, ó yíjú sí Damaris.

"Ìyá Bọ́látitó, ẹ foríjì mí. Bóyá ojú mi ni kò là tó. Mi ò rí ẹ̀gbọ́n."

Ó fi etí àgbádá rẹ̀ bo ojú, ó ń sunkún.

Oyèníran ti ń rò pé bí òun bá kú, ọ̀rọ̀ náà yóò fúyẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ó wá ń gbọ́ bí yóò ti rí. Ọkùnrin tí wọn kò tan, tí wọn kò jọ ṣe ẹ̀sìn kan náà, ń sunkún rẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣí aṣọ lójú òkú olókùú nítorí rẹ̀. Kì í ṣe ìgboyà ló gbé e dìde. Kò lè gbọ́ ẹkún náà mọ́ ni. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó fa kọ́tìnnì.

Irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn, ó ti funfun, ṣòkòtò rẹ̀ kò sì dúró ní ìdí mọ́. Tàjùdíìnì fò dìde, orúkọ Ọlọ́run bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó rò pé àkúdàáyà ni òun ń wò. Nígbà tó rí i bí Damaris ṣe dorí kodò, ó wá yé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ilé lẹ wà lọ́jọ́ tí mo wá?"

"Inú ilé ni mo wà."

Tàjùdíìnì mú fìlà rẹ̀. Kò bú u. Ó ní òun yóò lọ wá ẹni tó ń lọ ní ọ̀la, kí òun ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ náà kí wọ́n má baà ṣọ̀fọ̀ ẹni tó wà láàyè. Ó jáde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Oyèníran kò tilẹ̀ kúrò nílé kí òtítọ́ tó bá a níbẹ̀.

Damaris bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó wá ku Oyèníran àti Dúrójaiyé. Oyèníran jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń retí èébú. Dúrójaiyé bu omi fún un, ó dúró kó mu ún tán.

"Oyè, láti ìgbà wo ló ti rẹ̀ ọ́?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ó ṣí ẹnu, omijé ló kọ́kọ́ jáde. Ó ní ó ti pẹ́. Ó ní kò sí ohun tó sọnù lọ́wọ́ òun, kò sí ẹni tó ṣẹ òun, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n pa iná kan nínú òun tí òun kò sì rí ẹni tó pa á. Ó ní òun ti ń bẹ ikú.

Dúrójaiyé kò pariwo. Kò ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń dà á láàmú. Ó sọ fún un pé ní ọdún tí ìyàwó òun kú, òjò rọ̀ lọ, òjò rọ̀ bọ̀, òun kò gbin ewé kan, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó sọ fún un nípa wòlíì ńlá kan nínú Ìwé Mímọ́ tó jókòó sábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọlọ́run kò bá wòlíì náà jà. Ó jẹ́ kó sùn, ó fún un ní oúnjẹ, ó tún jẹ́ kó sùn.

"Ọlọ́run kò bínú sí ọ nítorí àárẹ̀," ló wí. "Àìsàn ni, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, a ó sì jọ lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí dókítà kò lè gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ojú ayé ni o ti ń sìn, Oyè. Ojú ayé lo fẹ́ fi Olújídé rúbọ sí."

Oyèníran ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Jésù kò wo ojú ayé," ni Dúrójaiyé tún wí. "Gbangba ni wọ́n ti pa á. Wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, àwọn tó ń kọjá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba ìtìjú yẹn nítorí irú èmi àti ìwọ. Bá a sọ̀rọ̀."

"Mi ò mọ ohun tí màá wí."

"Sọ èyí tó jẹ́ òótọ́."

Oyèníran di ojú rẹ̀. Kò lo ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú àwọn tó máa ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Jésù, èmi Oyèníran nìyí. Mi ò lọ ibì kankan. Mo parọ́, mo mú ìyàwó mi parọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ń kú lọ. Ó rẹ̀ mí. Bí ẹ bá lè gba irú èmi yìí, ẹ gbà mí."

Ilẹ̀ kò mì. Kò rí ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́ ohùn. Nígbà tó lajú, àárẹ̀ náà ṣì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnì kan ti gbọ́ òun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń gbàdúrà, ó mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun.

Damaris ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú díẹ̀ kí wọ́n tó jáde, kí èrò má baà rí i. Oyèníran ní rárá, nísinsìnyí ni. Wọ́n fi àgbádá kan wọ̀ ọ́, Dúrójaiyé sì di apá rẹ̀ mú. Fàsílátù, aládùúgbò wọn, ń sá láfún síwájú ilé. Ó rí i, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Àbíjàn, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn ará ibẹ̀ ńkọ́?"

Ìdáhùn tó rọrùn ti wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wà, wọ́n kí yín. Bó bá sọ ìyẹn, irọ́ náà yóò tún máa bá a lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Ó dúró. Dúrójaiyé kò bá a dá sí i.

"Mi ò lọ sí Kódífuà, Fàsílátù. Inú ilé ni mo wà. Ara mi ni kò yá, ojú sì tì mí láti sọ ọ́. Irọ́ la pa fún yín. Ẹ foríjì wá."

Fàsílátù wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti wọnú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ló wí. Kí wọ́n tó dé ìdí ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ náà ti ṣíwájú wọn. Àwọn kan ń wò, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Oyèníran rí wọn. Kí-Ni-Wọn-Yóò-Wí, ọlọ́run tó ti ń bọ láti ìgbà èwe rẹ̀, kú lójú pópó Èjìgbò lọ́sàn-án gangan, òun kò sì dúró sin ín.

Olújídé ṣì wà láàyè. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó mọ ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ kó tó rí i.

"Oyèníran. O dé. Àbíjàn ńkọ́?"

Oyèníran dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí símẹ́ńtì. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lọ Àbíjàn. Inú yàrá mi ni mo wà ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń pè mí. Mo gbọ́, mi ò jáde. Ó rẹ̀ mí, mo sì ń tijú."

 Olújídé wo ojú rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń mí gúlegúle, títí àyè fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ó ti rẹ̀ ọ́ jù," ló wí. "Wá sùn."

Oyèníran dùbúlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ti ń sùn nínú yàrá ìyá wọn. Oorun tó ti kọ̀ ọ́ láti ìgbà pípẹ́ gbé e lọ lọ́sàn-án yẹn. Dúrójaiyé gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí wọn.

Olújídé tún lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Àbúrò rẹ̀ ló ń bu omi sí i lẹ́nu, òun ló sì pa ojú rẹ̀ dé. Àárẹ̀ ọkàn Oyèníran kò lọ lọ́jọ́ kan, mi ò ní tàn ọ́. Wọ́n lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, dókítà fún un ní oògùn, ó sì lò ó. Àwọn àárọ̀ wà tí kò lè dìde, títí Dúrójaiyé yóò fi wá kan ilẹ̀kùn, tí wọn yóò jọ gba àdúrà kúkúrú, tí wọn yóò sì jọ lọ sóko. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Tàjùdíìnì, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, lójú àwọn ará ilé rẹ̀, Tàjùdíìnì sì sáré gbé e dìde. Àwọn èèyàn ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà mìíràn òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Wàyí o, ìwọ tó ń ka ìwé yìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bóyá o kò mọ ọ̀nà Kódífuà rárá. Iṣẹ́ ni o fi bo ara rẹ, tàbí ẹ̀rín, tàbí oyè tí wọ́n fi ọ́ jẹ nínú ìjọ. Wọ́n ń kí ọ, o ń dáhùn pé a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú kí o tó tu itọ́ funfun. Ìwọ bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tí òwúrọ̀ ń bà lẹ́rù, mo mọ̀ ọ́. Ìwọ ìyá tí àwọn ọmọ rẹ ti lọ tán, tó ń fi ọwọ́ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo mọ ìwọ náà. Bí ikú bá ti ń dà bí ọ̀rẹ́ lójú rẹ, sọ fún ẹnì kan lónìí kí o tó sùn. Má dá wà. Lọ rí dókítà, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ńkọ́? Irọ́ tí o fi ń gbé orí rẹ sókè, ẹni tó ń pè ọ́ tí o kò dá lóhùn, Ọlọ́run tí o ń fi ẹnu nìkan sìn, kò sí oògùn tí yóò wẹ ìwọ̀nyí mọ́ bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ Jésù Kristi. Ronú pìwà dà lónìí. Má sọ pé ò ń retí ìgbà tí ara rẹ bá le, nítorí ìgbà náà lè má dé. Jésù kò béèrè pé kí o kọ́kọ́ lágbára. Bí ó bá ti rẹ̀ ọ́ débi pé o kò lè kúnlẹ̀, dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí o pè é, kí o sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún un, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.